Tábìlì Tó Ń Lé Mi Nítorí Àdìrẹ Màámi

Ṣadé, ó ti sú mi o. Tábìlì ni mo ń sá fún lójú àlá títí ilẹ̀ fi mọ́!

Ẹgbẹ́ wa tó ń fi àjákù aṣọ rán aṣọ ìbora ní òfin kan: aṣọ tó bá ti kan tábìlì, ti ẹgbẹ́ ni, gígé ló kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn gbé àdìrẹ Màámi síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i ni. Ni Ìyá Tóyìn, alága wa, bá pariwo pé, "Ó ti kan tábìlì o!" Mo já a gbà.

Lójú àlá, mo gbé àdìrẹ náà lérí, tábìlì ga dé ibẹ̀. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn, tábìlì yọ lẹ́yìn mi. Igi lásánlàsàn! Mo kọsẹ̀, aṣọ sì bọ́ sórí ẹ̀.

Kì í wá ṣe Ìyá Tóyìn ló mú àlùmọ́gàjí. Màámi tó ti kú ni, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní, "Di etí kejì mú, má jẹ́ kó wọ́." Mo sì bá a dì í mú!

Nígbà tí mo jí, bẹ́ẹ̀díṣíìtì ni mo dì mú gírígírí. Jọ̀ọ́, má túmọ̀ ẹ̀ fún mi, inú ń bí mi. Ìpàdé wa ń bẹ lọ́sàn-án yìí. Mo ti ró àdìrẹ náà mọ́dìí, kí n rí ẹni tó máa gé e lára mi.

Àmọ́ mo ti ki àlùmọ́gàjí sínú báàgì.