Wáìlì Ó Lọ́kọ

Ìṣojú mi ló ṣe, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ. Èmi Winnie Sugden, tí mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn Thackray ní Ackerley látìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìdí ibùsùn Ìyá Thackray ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ife tíì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Ojú kan ṣoṣo ló ní nínú yàrá yẹn. Wilfred ló lọ bá a wá ojú kejì.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni: wáìlì. Lọ́dọ̀ wa ní Yorkshire, ní apá àríwá, títí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá ní kí ọmọ jókòó wáìlì òun dé, kó jókòó títí òun yóò fi dé ló ń wí. Bí alápatà bá ní òun ń tajà wáìlì aago mẹ́fà, bí aago mẹ́fà bá lù, kí o yáa máa wá ẹran níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ní apá gúúsù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò, wáìlì kì í ṣe títí. Ìgbà tí nǹkan bá ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi pè. Wáìlì òjò ń rọ̀, ìyẹn ni ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ kò rí i pé bí èèyàn méjì bá pàdé lójú títì, tí ọ̀kan wá láti Ackerley, tí èkejì wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ọmọ méjì ni Ìyá Thackray bí, Annis àti Wilfred, Annis sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ju Wilfred lọ. Kí bàbá wọn tó kú, ó ti fi ilé àti ilẹ̀ sórúkọ Wilfred, torí pé òun ni ọkùnrin, bí àwọn àgbà ìgbà náà ti ń rò nìyẹn. Àmọ́ Annis ló ń roko náà. Rúbábù là ń gbìn lágbègbè wa, ewébẹ̀ pupa tí igi rẹ̀ gùn, tó sì máa ń kan. Bí òtútù bá dé, a ó hú gbòǹgbò rẹ̀ wọnú ilé gígùn tí kò ní fèrèsé, a ó sì jẹ́ kó máa yọ nínú òkùnkùn, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò le koránkorán. Iná àbẹ́là la fi ń ká a. Annis ti ń ká a láti kékeré, òun náà ló ń ká a tí Wilfred fi rí ilé ìwé lọ.

Orí Wilfred pé, a kì í purọ́ mọ́ ẹni a bá ń bínú sí. Ó wọ ilé ìwé gíga ní Wakefield, ó dé fìlà ilé ìwé, inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni tíṣà kan tó wá láti gúúsù sọ fún kíláàsì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wáìlì òun ń sọ̀rọ̀. Ọmọ wa gbọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ ọ nílé: kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí tíṣà yóò fi sọ̀rọ̀. Ó bá pa ẹnu mọ́, ó ń retí. Bí tíṣà ti la ẹnu báyìí, Wilfred yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Tíṣà nà án ní pàṣán lọ́wọ́. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òun ṣáà dúró wáìlì wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n tún nà án, wọ́n ní ó ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó délé, Annis ló fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi tútù, ló gé búrẹ́dì fún un, ló fi ọ̀rá ẹran ra á, ló sì ń pa á lẹ́rìn-ín wáìlì ó sùn. Ẹ rí i, èmi náà ti sọ ọ́.

Ìgbà tí Ìyá Thackray fẹ́ kú, Wilfred wá láti Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì ti fẹ́ obìnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cynthia. Ẹnu rẹ̀ ti yí pátápátá, ìyá rẹ̀ gan-an máa ń ní òun ò mọ̀ bóyá ọmọ òun ló ń sọ̀rọ̀ ni tàbí ẹni tó ń ka ìròyìn. Mínísítà ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Pelham, wà níbẹ̀. Kent ní gúúsù ni wọ́n ti gbé e wá, kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ìyá ní kí Wilfred fọwọ́ lé Bíbélì.

“Wilfred wa,” ló wí, “o ò gbọdọ̀ ta ibí yìí mọ́ Annis lórí. Annis ló ni ín wáìlì ó lọ́kọ. Búra.”

Wilfred fọwọ́ lé Bíbélì, ó sì tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ gan-an: Annis ló ni ín wáìlì ó lọ́kọ. Ìgbà yẹn, Annis ti lé lógójì ọdún, kò sì bojú wo ọkùnrin kankan rí, àfi ẹni tó bá wá ra rúbábù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń kú lọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí àwọn tó ń kọ́lé tà fi dé, tí wọ́n ń wá ilẹ̀ kiri gbogbo ẹsẹ̀ òkè wa. Wilfred gbé mọ́tò wá. Ó jókòó sí ìdáná ìyá rẹ̀, ó mu tíì tí Annis pò fún un, ó wá sọ fún un pé òun máa ta ilé àti ilẹ̀. Annis rò pé àwàdà ni. Ó rán an létí ìbúra rẹ̀. Wilfred ní òun rántí, òun kò sì da ìbúra kankan. Bí Annis ti sáré wọlé mi nìyẹn, ojú rẹ̀ funfun, a sì jọ gba ọ̀dọ̀ Mínísítà lọ.

Mínísítà pè wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó pè mí, mo sì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Pelham béèrè ohun tí Wilfred búra sí. Wilfred sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Mínísítà fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bi Annis bóyá ó ti lọ́kọ. Annis ní rárá, ta ni òun fẹ́ fẹ́. Ọkùnrin náà ní ó dun òun, àmọ́ bí òun ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ohun tí ìyá wí ni pé Annis ló ni ilé ní gbogbo ìgbà tó bá wà nílé ọkọ. Bí kò bá wá lọ́kọ, kò sí ohun tí ìbúra náà fún un.

Mo fẹ́ dìde. Annis fà mí jókòó, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò bínú sí Mínísítà rárá, etí gúúsù ló fi gbọ́ ọ, àlejò sì lójú, kò fi ríran. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“Ṣàlàyé fún wọn, Wilfred wa. Wọn ò gbọ́ èdè wa.”

Gbogbo wa wo Wilfred. Ó ń yí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lórí orúnkún.

“Wáìlì ni wáìlì,” ló wí. “Ohun tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni mo búra sí.”

Ẹ̀rín kú lójú Annis.

“Wọ́n nà ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn,” ló sọ. “Èmi ni mo fi ọwọ́ ẹ sábẹ́ omi.”

“Wọ́n nà mí títí mo fi mọ̀ ọ́n, Annis. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.”

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní fi bò. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tí kò mọ èdè wa, a lè kọ́ ọ. Kí la fẹ́ ṣe fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó mu ún lọ́mú ìyá, tó wá jókòó níwájú àlejò tó ń sẹ́ ẹ? Kì í ṣe ilé nìkan ló gbà lọ́wọ́ Annis. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá wọn tó wà nínú sàréè.

Mínísítà ní òun kò lágbára láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Wilfred dìde. Bóyá àánú ṣe é, mi ò mọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Annis, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ọmọ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Má fòyà, Annis wa. Mi ò ní lé ọ jáde nínú òtútù. Máa gbébẹ̀ wáìlì ọdún Àjíǹde.”

Mínísítà gbé orí sókè. Annis kò tiẹ̀ yíjú wò ó, ó kàn ń bi í léèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

“Wáìlì Àjíǹde? Ṣé ìgbà tí Àjíǹde bá ń lọ lọ́wọ́ ni, Wilfred, àbí títí di Àjíǹde?”

Etí Wilfred méjèèjì pọ́n. Ohun tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kọ́, ahọ́n rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ lójú wa. Mo rò pé ìtìjú yóò mú un yí ọkàn padà, torí ojú la fi ń mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ta bá. Ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti tà, ó jáde. Mínísítà sáré tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Wilfred yí gíláàsì sókè, ó sì lọ.

Annis kò dúró de Àjíǹde. Èmi àti òun la jọ ká rúbábù ìkẹyìn, àbẹ́là lọ́wọ́ kan. Bí èèyàn bá dákẹ́ nínú ilé yẹn, yóò máa gbọ́ bí èéhù rẹ̀ ti ń ta pó, pó, tó ń dàgbà nínú òkùnkùn. A dákẹ́, a ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé mi, àwọn ẹ̀rọ ńlá sì wá wó ohun gbogbo.

Mínísítà wá kí wa ní ìrúwé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun sùn, òun sì ti wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ìwé atúmọ̀ ńlá ní ilé ìkàwé Leeds. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó ti wà kí ilẹ̀ wa yìí tó ní ọba kan ṣoṣo. Kì í ṣe títí, kì í sì í ṣe níwọ̀n ìgbà, ní ìpilẹ̀ rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ló jẹ́ lẹ́nu àwọn ará ibí, ìbátan rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gba òkun àríwá wá sì jẹ́ ìsinmi, ó tún jẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá ni gúúsù fà á síbì kan, tí àríwá fà á síbòmíràn. Ó ní tiwa kì í ṣe àṣìsọ, ọmọ ìyá kan náà ni ìtumọ̀ méjèèjì.

“Ibùsùn?” ni Annis béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Annis.”

“Ó dáa. Èmi náà ti mọ̀ pé ibùsùn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.”

Ọkùnrin náà gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀ láì mu ún. Èèyàn rere ni, ó kàn pẹ́ dé ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Annis kò dárúkọ Wilfred mọ́, èmi náà ò sì dán an wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan fóònù mi dún, Cynthia ni. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró Wilfred ti bàjẹ́, dókítà ti ṣíwọ́ ìtọ́jú, orúkọ Annis nìkan ló sì ń pè. Mo sọ ọ́ fún Annis, ẹni tó ń gé rúbábù sínú páì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba fóònù.

“Sọ fún un kó dúró wáìlì mo dé,” ló wí.

Mo gbọ́ tí Cynthia ń béèrè lọ́hùn-ún pé kí nìyẹn túmọ̀ sí, pé kó dúró nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́nà?

“Ṣáà sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n.”

Cynthia lọ, ó padà. Ó ní Wilfred gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, nǹkan tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sídìí fèrèsé tó kọjú sí títì. Annis kí i pé ó ṣeun, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sídìí páì rẹ̀.

Mo ti ń wá báàgì. Mo ní ọkọ̀ ojú irin kan wà nírọ̀lẹ́ yẹn, a lè bá a. Ó ní kí n bá òun gbé ṣúgà. Mo rò pé ó di ọ̀la nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó fọ aṣọ, lọ́jọ́ kẹta ó lọ sọ́jà. Kò lọ. Nígbà tí Cynthia tún pè, ẹkún ló ń sun. Ó ní ìdí fèrèsé náà ni Wilfred kú sí, pé bí wọ́n bá ní kó wá sùn, ó ń ní rárá, Annis ti ní kí òun dúró títí ẹ̀gbọ́n òun yóò fi dé, ẹ̀yin ò gbọ́ èdè wa.

Mo jókòó. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, síbẹ̀ mo sunkún. Mo bi Annis bó ṣe lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má sì lọ. Ó bu páì fún mi, ó bu tirẹ̀, ó jókòó.

“Ọ̀rọ̀ náà lójú méjì, Winnie,” ló wí. “Òun ló kọ́ mi.”