Àwòrán Hodo Lára Òpó

Ní Labëria, agbègbè orí òkè tiwa, kò sẹ́ni tó ń dá orin kọ. Ẹnì kan á gbé e, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á dá a padà, àwọn tó kù á wá fi ohùn kan ṣoṣo, "eeee", gbé orin náà ró láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi parí. Ohùn ìsàlẹ̀ yìí là ń pè ní iso. Bí iso bá já, orin ti wó nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú Vlorë léèrè orúkọ ẹni tó ṣe iso nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ti ń gbọ́ láti kékeré, orí ni yóò máa họ fún yín. Agbórin nìkan ni wọ́n ń dárúkọ. "Refat àti ẹgbẹ́ rẹ̀" ni wọ́n ń kọ sára kásẹ́ẹ̀tì, ó parí. Aláìmoore ni wá, kí n má purọ́.

Hodo Meçaj ló ń ṣe iso fún Refat láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí wọ́n fi darúgbó. Nísinsìnyí, Hodo ti dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ẹni tó bá sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu dókítà mọ ibi tó ń lọ. Dhurata, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sínú yàrá bàbá rẹ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́ kó sì máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ojú ìwé fún àwọn tó ń tẹ̀wé.

Ìwé ìròyìn tuntun kan ló ń tò lọ́wọ́. Lefter, tó ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló fẹ́ gbé e jáde. Buçima ló sọ ọ́, ìyẹn ariwo tí omi òkun ń pa nínú ihò àpáta. Àwọn tó fẹ́ràn orin wa yìí ló wà fún: àwọn ti Vlorë, àwọn ti Tirana, àti àwọn tó ti lọ sí Ítálì àti Gíríìsì tí àárò ilé ń sọ. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n orin yìí ti yí wọn lórí pátápátá. Lefter ń wá ìwé tí wọ́n á máa rà. Ohun tí Dhurata ń wá yàtọ̀. Ó fẹ́ kí ojú bàbá òun wà lórí èèpo ìwé àkọ́kọ́, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, kí ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un kó tó kú. Ohun tó ń lé e kiri láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn.

Fọ́tò ló kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́. Hodo ò ní fọ́tò tó dá nìkan yà. Àwọn ọkùnrin orí òkè wa kì í dá fọ́tò yà. Ta ni wọ́n fẹ́ fi hàn? Èyí tó wà nílé ni èyí tí òun, Refat, Sazan tó máa ń gba orin lẹ́nu Refat, àti olóògbé Muço jọ yà, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn. Dhurata gé àwọn mẹ́ta dànù. Ìka Refat kù sí èjìká bàbá rẹ̀. Ó fara balẹ̀ pa á rẹ́.

Nígbà tí Lefter rí i, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Dhurata, àbúrò mi, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ojú mi kọ̀ ọ́."

"Kí lojú yín kọ̀, Bọ̀ọ̀dá Lefter?"

"Iso kì í dá dúró. Ṣe ló yẹ kó o fi gbogbo wọn síbẹ̀. Tàbí Refat."

"Refat! Kásẹ́ẹ̀tì wo ni Refat ò sí lára ẹ̀? Kí wọ́n wá gbé e sórí ìgò òróró náà? Bàbá mi ò ní pẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó rí ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Lefter wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilẹ̀. "Kò burú. Ìwọ lo mọ ojú ìwé. Èmi, etí nìkan ni mo ní."

Ìwé funfun, irun Hodo funfun: bí Dhurata ṣe gbé orí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ṣe ni orí ọ̀hún ń sọnù sínú ìwé. Ló bá fi ìlà dúdú tín-ín-rín yí i ká. Ó kọ HODO MEÇAJ sábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ abúlé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Buçima tó jẹ́ orúkọ ìwé, ó tì í lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ wínníwínní, torí kò fẹ́ kí ohunkóhun bá orúkọ bàbá rẹ̀ du ipò. Ó wò ó, ó dára lójú rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá kú ní Vlorë, bí wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀ gan-an nìyẹn. Fọ́tò, ìlà dúdú, orúkọ, abúlé. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná àti ògiri kí ìlú lè mọ ilé tí wọ́n ń lọ. Dhurata fúnra rẹ̀ ti lẹ irú rẹ̀ kiri nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá ti wò jù, kì í rí i mọ́. Ọmọ náà ò sùn, kò jẹun, ikú ló ń bá sáré. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ èèpo ìwé náà ní ńlá ńlá, ó gbé ike gọ́ọ̀mù, ó lẹ bàbá rẹ̀ mọ́ gbogbo òpó láti etíkun dé mọ́sálásí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwé ìròyìn tuntun ń bọ̀. Nígbà tó délé, ó gbé orí lé tábìlì, oorun gbé e lọ.

Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló jí i, ó sì jáde síta. Àwọn ọkùnrin ti kún àgbàlá, aṣọ dúdú lọ́rùn wọn, páálí sìgá lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé òkú. Obìnrin ilé kejì ti gbé kọfí kaná.

"Dhurata, ẹ kú ará fẹ́ra kù o," àgbà kan wí, ó gbá a mọ́ra. "Èèyàn dáadáa ni. Ó lọ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Ta ló lọ?" Dhurata bi í. Kí àgbà náà tó dáhùn, igbe ti ta lẹ́nu géètì. Refat ni. Ó ti ti ilé kọfí rẹ̀, ó ti ṣí fìlà lórí, omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.

"Hodo o! Hodo, o fi mí sílẹ̀! Ta ni yóò gbé mi ró mọ́?"

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá láàárín èrò, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ó fẹ́ ṣubú lé òkú. Hodo jókòó, ó fara ti ìrọ̀rí, ṣíbí yọ́gọ́ọ̀tì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Refat," ó ní, èémí rẹ̀ ò tó, "ta ló kú?"

Bí ẹnikẹ́ni ò bá rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín ràn. Ojú Refat pọ́n, ó sì tún dúdú. Kò sí ohun tó burú fún ọkùnrin Labëria tó kí wọ́n fi omijé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa ìwé tó já lára òpó yọ nínú àpò, ó jù ú síwájú Dhurata.

"Ìwọ ọmọ yìí, omijé mi lo fi ń polówó ọjà?"

"Bàbá Refat, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ kí ni? O ò mọ ìkéde òkú? Àjèjì ni ẹ́? Tó bá wá kú lóòótọ́, má wulẹ̀ wá pè mí!" Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Àwọn tó kù mu kọfí wọn tán, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ilé dá, Hodo ní kí ọmọ rẹ̀ fún òun ní ìwé ilẹ̀ yẹn. Ó wò ó pẹ́.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Bàbá, tiyín nìyí. Orúkọ yín nìyí. Ẹ ò rí i bó ṣe tóbi?"

"Mo rí i." Ó sinmi, ó mí. "Kí ló dé tó o yọ mí kúrò láàárín wọn? Ta ni mò ń ṣe iso fún níbí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dhurata dé egungun. Ó ní òun á tún un ṣe, òun á dá gbogbo wọn padà, kí ó ṣáà dúró de òun. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìwé. Hodo ò lè dúró. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, kí ìwé tó jọ ohunkóhun, ó ti kú.

Òkú wa kì í sùn síta. Kí oòrùn tó wọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀. Dhurata ò ní fọ́tò mìíràn tó dá nìkan wà. Ojú bàbá rẹ̀ kan náà ló tún fi sínú ìlà dúdú, ó kọ ọjọ́ ikú sábẹ́ rẹ̀, ó gbé gọ́ọ̀mù jáde. Òpó kan náà, ògiri kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," obìnrin kan tó ń ti ọjà bọ̀ kí i. "Èyí tún ti jáde? Hodo mà ń kú lákúùkútán lọ́sẹ̀ yìí!"

"Ó kú lóòótọ́, màmá."

"Ehn ehn. A ti gbọ́." Obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ.

Ó délé, ó to àga sí àgbàlá, ó se kọfí. Kọfí tutù. Obìnrin ilé kejì ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní òkè. Lefter wà ní Tirana lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Imáàmù dé, ó wo àwọn àga òfìfo, ó ní, "Ta ni yóò gbé e?" Ní ìlú tí òkú tálákà paápàá ń kó èrò jọ, òkú bàbá rẹ̀ nìkan ni kò ní èrò, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Mélòó ni òkú tí Hodo ti dúró tì, tó ti fi ohùn rẹ̀ gbé orin arò wọn ró! Hodo fúnra rẹ̀ wá fẹ́ wọlẹ̀ bí ẹran. Dhurata fi ọwọ́ lérí, ó sá jáde láìwọ bàtà.

Ilé kọfí Refat kún. Refat àti Sazan ń ta dómínò.

"Bàbá Refat, bàbá mi kú."

"Mo mọ̀. Mo sunkún ẹ̀ lánàá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò gbójú sókè.

"Ó kú ní ìdájí. Imáàmù wà nílé. Kò sẹ́ni tó máa gbé e." Ó gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, bí a ṣe ń búra lọ́dọ̀ wa. "Mo fi búrẹ́dì yìí búra."

"Fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ẹni tó lè fi bàbá ẹ̀ láàyè lẹ̀ mọ́ òpó, kí ni búrẹ́dì jẹ́ lójú ẹ̀?"

"Ẹ bá mi délé kẹ́ ẹ wò ó."

"Mo ti dé ibẹ̀ rí. Ó bi mí pé ta ló kú. Sazan, ìwọ lo kàn, ta."

Dhurata dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ tó lè sọ tí wọn ò ní fi rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mú òpó ilẹ̀kùn, ó la ẹnu, ohùn iso sì jáde: "eeee." Obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé kọfí àwọn ọkùnrin. Ohùn náà kọ́kọ́ gbọ̀n, ó fẹ́ já, ó wá fìdí múlẹ̀ níbi tí ti bàbá rẹ̀ máa ń wà gan-an, nísàlẹ̀ orin.

"Dákẹ́," Refat wí.

Kò dákẹ́. Èémí rẹ̀ tán, ó fà á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ti kú ní ilé kọfí. Iso tí kò sẹ́ni tó gbé orin lé e lórí, ara wa kì í gbà á. Ó ń rin èèyàn lára, kò jẹ́ ká jókòó. Àwọn ọkùnrin ń wo Refat. Sazan ti gbé dómínò rẹ̀ kalẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Refat," Sazan wí pẹ̀lẹ́, "èèyàn kì í fi èyí ṣeré."

Refat dìde. Ó ṣí fìlà, ó kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àwọn agbórin ti ń ṣe. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń kọrin lórí ohùn Hodo, akọni ogun àti arẹwà obìnrin ló sì ń pè nínú orin, kò pe Hodo rí. Ó gbé orin arò náà sórí iso ọmọbìnrin náà, orúkọ Hodo Meçaj ló sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó lọ sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró, wọ́n ṣí fìlà wọn.