Ike Ìdérí Tíṣà Láolú

Ìbínú tí Shukurat gbé kọjá Dópẹ́mù láàárọ̀ ọjọ́ náà tó ó se iṣu fún gbogbo òṣìṣẹ́ Òrégùn, kó tún ṣẹ́ kù fún àwọn ará Aláúsá. Télọ̀ ni, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ẹ̀. Ameenat, ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n so ọlọ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ní òun ò lọ síléèwé mọ́. Tíṣà ní ojú ẹ̀ fọ́, gbogbo kíláàsì wá ń pè é ní Afọ́jú.

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, ike ńlá kan wà lórí tábìlì Tíṣà Láolú, ìdérí ìgò ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ọmọ mi lẹ ní ojú ẹ̀ fọ́?"

"Ìyá Ameenat, ẹ jókòó ná. Mo ní kí wọ́n fojú wọn iye ìdérí tó wà nínú ike yìí ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Ó ní igba. Ṣé ojú nìyẹn?"

Shukurat ò jókòó. "Ameenat, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. "Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́wàá. Mo wá wo ike yẹn, mo ní ó máa gba ẹ̀kúnwọ́ ogún."

"Tíṣà, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo kà á?" "Ẹ" ti kúrò lẹ́nu Shukurat.

"Ìfojúwọ̀n kì í ṣe kíkà, mà."

"Mi ò bi ọ́ léyìí." Ó da ike náà dojú dé. Ìdérí ya lulẹ̀, ariwo ẹ̀ jí àwọn tó ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kà á."

Wọ́n kà á títí irùngbọ̀n fẹ́ẹ̀ hù lágbọ̀n wọn. Igba ó lé mẹ́sàn-án.

"Òun náà kàn sún mọ́ ọn ni," ni Láolú wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Shukurat fojú wọn òun náà. "Ìbàdí ẹ yìí, íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni." Kó tó yẹ̀, téèpù ti yí i po. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n géérégé. "Ojú lèmi náà fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n tí mo bá fojú wọ̀n ọ́n tán, mo máa ń fi téèpù wò ó kí n tó gé aṣọ aláṣọ. Ìwọ ò wo nǹkan kan, o kàn gé ọmọ mi. Sọ orúkọ ẹ̀ fún wọn."

"Ameenat."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Ameenat ni. Òun ló gbà á."

Ameenat lọ jókòó síjókòó iwájú. Ìyá ẹ̀ fi téèpù kọ́rùn, ó jáde, kò dágbére. Láolú kúnlẹ̀, ó ń ṣa ìdérí. Kò sọ́mọ kan tó dìde ràn án lọ́wọ́.