Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn Ilé Ìtajà Ńlá

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kọ ìròyìn ilé kíkọ́ fún ìwé ìròyìn ìlú wa. Títì tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, afárá tí wọ́n ń tún ṣe, ibi tí wọ́n fi páànù yí ká tí aráàlú fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ìlú wa ò tóbi, kò sì kéré. Apá àríwá ló wà, níbi tí òtútù ti ń tètè dé. Bó bá ti dé báyìí, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì á dáwọ́ dúró, èmi náà á sì ráyè jókòó ti màmá mi.

Màmá mi ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi darí ẹ̀rọ agbéniròkè ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní oríta, ilé alájà mẹ́rin tí gbogbo ìlú ti ń ra aṣọ, bàtà àti àwo. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ náà kì í dá rìn. Ẹnì kan ní láti jókòó sínú rẹ̀, kó fa ilẹ̀kùn onírin, kó yí ọwọ́ ìdarí rẹ̀, kó sì máa kéde ohun tí wọ́n ń tà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ wọ́n ní Màmá Gòkè-Sọ̀. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé àwọn ará àdúgbò wa kan ò mọ èyí tí òbí wọn sọ wọ́n.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ti ilé ìtajà náà pa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí màmá mi ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ súwẹ́tà, mo ń ka ìròyìn tí mo fẹ́ gbé jáde sí wọn létí. Àwọn tó ra ilé náà fẹ́ sọ ọ́ di ilé gbígbé, ṣùgbọ́n àwọn panápaná ò gbà, nítorí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní. Bí wọ́n bá kọ́ òmíràn síta, á dí ojú títì. Bí oṣù bá fi parí tí wọn ò rí ọgbọ́n dá sí i, wọ́n á wó o.

Màmá mi dá abẹ́rẹ́ dúró. "Ta ló sọ pé àtẹ̀gùn kan ni?"

"Bó ṣe wà nínú àwòrán ilé nìyẹn, Màmá."

"Àwòrán ilé ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ni wọ́n bá sọ fún mi pé àtẹ̀gùn àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn, láti òkè pátápátá dé yàrá ẹrù nísàlẹ̀. Máníjà kan dé lọ́dún kan, ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pòórá síbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé bíríkìlà wá, wọ́n dí gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún. Àwọn tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí.

Mo pe fọ́máànù tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Mo ròyìn ohun tí màmá mi sọ fún un. "Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti sú wa," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn wá lọ́la."

Nígbà tí a débẹ̀, ó fún màmá mi ní akoto. Síkáàfù wọn ò jẹ́ kó wọlé dáadáa, wọ́n ní àwọn á kúkú gbé e dání.

"Orí la máa ń gbé e sí níbí, Mà."

"Ó dáa, ọkọ mi. Bá mi tì í wọlé."

Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta lọ́fínńdà tẹ́lẹ̀, òórùn ìyẹ̀fun pákó àti ògiri tó rin ló kù. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà wà ní ṣíṣí. Wọ́n ti tú àpótí ìjókòó màmá mi lọ, ihò mẹ́rin tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ ló kù. Màmá mi fi bàtà kan ọ̀kan nínú wọn. Èmi rántí bí mo ṣe máa ń ti ilé ìwé wá jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ wọn.

A fẹsẹ̀ gòkè dé àjà kẹta. Màmá mi kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, wọ́n ka fèrèsé. "Àárín ìkẹfà àti ìkeje ni." Fọ́máànù fi òòlù kan ibẹ̀. Ó le gbagidi. Ó kàn án láti fèrèsé kẹfà dé ìkeje, ibi gbogbo dún bákan náà.

"Bóyá mo ti gbàgbé," ni màmá mi wí jẹ́jẹ́. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí nípa ilé yẹn. Mo di ọwọ́ wọn mú pé ká máa lọ. Àmọ́ bí a ṣe dé iwájú ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, wọ́n dúró.

"Ṣé o rí i, èmi kì í ti ibi fèrèsé lọ. Inú ẹlifétọ̀ ni mo ti máa ń jáde. Ìṣísẹ̀ méjìdínlógún, kí n yà sọ́tùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀, kí n wá rin mẹ́sàn-án sí i."

Wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n orúnkún ò gbà, ìṣísẹ̀ wọn ti kúrú. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Ìwọ rìn ín. Irú ẹsẹ̀ rẹ yìí ni mo ní nígbà náà."

Mo rìn ín, màmá mi ń kà á lẹ́yìn mi. Mo yà sọ́tùn-ún. Ní ìkẹsàn-án, ògiri kò mí lójú, ó jìnnà sí ibi tí a ti kàn lákọ̀ọ́kọ́. Fọ́máànù fi òòlù kàn án, ó dún bí àgbá òfìfo. Ó tún fọwọ́ pa ògiri náà títí, ó ní wọ́n ti dí fèrèsé méjì lápá ibẹ̀, òun ló jẹ́ kí kíkà màmá mi ṣì.

Nígbà tí wọ́n lu ihò sí i, afẹ́fẹ́ tútù yọ sí wa. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú irin ìdìmú rẹ̀ àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé lára ògiri. Fọ́máànù tan tọ́ọ̀ṣì sókè, ó tàn án sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín.

Màmá mi ní àwọn fẹ́ jókòó. Fọ́máànù tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sórí àtẹ̀gùn fún wọn.

"Ibí ni èmi àti bàbá rẹ ti máa ń jẹun ọ̀sán," ni wọ́n wí.

Bàbá mi ló ń di àwo ní yàrá ẹrù nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni màmá mi fi ń sinmi, nítorí náà bàbá mi ló máa ń gbé oúnjẹ gòkè wá bá wọn, kí màmá mi má baà fi ìsinmi wọn rìn. Ohun tí àwọn méjèèjì ti ń sọ fún gbogbo ayé ni pé ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n ti pàdé.

"Kí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́?"

"Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé kọ̀rọ̀ la ti ń ríra."

"Ṣé torí ẹ̀yin méjèèjì ni máníjà ṣe dí i?"

Màmá mi gbọn eruku kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì wọn. "Àwa nìkan kọ́."

Bàbá mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Màmá mi fọwọ́ kan àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo jókòó síbẹ̀. Fọ́máànù wá iṣẹ́ kan ṣe lápá ibòmíràn.

Àwọn panápaná wá yẹ àtẹ̀gùn náà wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, wọn ò sì wó ilé náà mọ́. Mo kọ ìròyìn rẹ̀ gùn. Olóòtú wa gé e kù díẹ̀, ó sọ màmá mi di "òṣìṣẹ́ ilé ìtajà náà tẹ́lẹ̀." N kò fi ti bàbá mi sí i. Màmá mi kà á, wọ́n ní mo gbìyànjú, ó kàn kúrú ni.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ayálégbé ti kó wọlé, àwọn tó ra ilé náà pè wá láti wá wò ó. Ẹ̀rọ tuntun ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. "Àjà kejì," ló wí.

"Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀," ni màmá mi wí.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ dáhùn lẹ́yìn wa. "Fúláàtì wa ni, Mà."

"Ẹ kú ilé tuntun o," ni màmá mi sọ fún un, obìnrin náà sì bọ́ sílẹ̀, àwa ń gòkè lọ.

Nígbà tí a fẹ́ padà lọ sílé, màmá mi ò dúró de ẹ̀rọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n di irin ìdìmú mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n dì wọ́n mú. Ní àjà kẹta wọ́n dúró bí ẹni tó ń mí. Mo dúró lórí ìpele méjì sí ìsàlẹ̀ wọn, n kò sì kán wọn lójú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó tó. Ká máa lọ."