Ìwé Òkú Velika

Oníbàárà kẹta jáde láti ilé ìtẹ̀wé Milko lọ́wọ́ òfo, Zdravka sì bu ṣúgà kún kọfí rẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti jókòó síwájú ilé kọfí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó ń tẹ ìwé òkú: fọ́tò olóògbé, ìlà dúdú yí i ká, orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, òpó iná àti ibùdókọ̀ kí gbogbo ìlú lè mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ti gbó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń bi Zdravka bóyá kí òun gba ètò tuntun, ojoojúmọ́ ló sì ń dáhùn pé rárá. Ó mọ̀ pé ètò tuntun kò ní gba díráfà àtijọ́, ìyẹn ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀.

Nígbà ìrúwé ni Milko lé e lẹ́nu iṣẹ́, níwájú àwọn oníbàárà, ó ní ọmọdé pàápàá lè tẹ bọ́tìnnì tó ń tẹ̀. Zdravka kó ife rẹ̀, ó mú fíláàṣì kọ̀ǹpútà tí díráfà náà wà nínú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ń retí ọjọ́ tí Milko fúnra rẹ̀ máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Àná ló tẹ̀ ẹ́. Ìròyìn kì í pẹ́ dé ilé kọfí.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Milko sọdá títì, irun rẹ̀ rí wúruwùru.

"Àǹtí Zdravka, ẹ káàárọ̀."

"Ta lò ń kí? Ṣé èmi tí ọmọdé lè ṣe iṣẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ kí ìbínú yẹn di ọ̀la. Ẹ̀rọ yẹn ò dá mi lóhùn mọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó mà ṣe o. Lọ wá ọmọdé kan kó bá ọ tẹ bọ́tìnnì."

Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín. Milko ò rẹ́rìn-ín.

"Màámi ni. Wọ́n kú ní ìdájí, nílé àwọn arúgbó. Ọ̀sán ọ̀la la máa sin wọ́n, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ̀."

Velika, ìyá Milko, ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, òun ló sì gba Zdravka síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Zdravka wọra, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ díráfà náà, ó ní kò ní òǹtẹ̀ tó fi hàn pé ó ṣeé gbára lé. Zdravka pa á, ó tún un tàn, ó pàṣẹ fún un pé kó má yẹ òǹtẹ̀ wò, díráfà wọlé, ẹ̀rọ ògbólógbòó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Milko gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ po gọ́ọ̀mù. Zdravka tẹ orúkọ olóògbé, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, wákàtí ìsìnkú. Ó dé ìsàlẹ̀, níbi orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó kọ Iskra, ọmọ-ọmọ. Ó kọ àwọn aládùúgbò. Kò kọ orúkọ Milko. Kò sí ìtìjú tó lè bá ọmọ ní ìlú yẹn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìsàlẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ kà. Kí Milko náà mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n yọ èèyàn kúrò níbi tó ti lo ayé rẹ̀.

Ó tẹ ogójì ẹ̀dà, ó sì tẹ̀ lé Milko jáde, torí ojú rẹ̀ gan-an ló fẹ́ rí. Milko fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ ìwé àkọ́kọ́, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọdún Àjíǹde ni mi ò ti lọ wò wọ́n."

Ó mú ìwé kejì, ó kọjú sí òpó iná. Zdravka ti di ọ̀rọ̀ burúkú sẹ́nu de ariwo tí Milko máa pa, kò wá ríbi lò ó.

"Ẹ̀yin lẹ dúró tì wọ́n," Milko ní, kò wẹ̀yìn. "Ìgbà tẹ́ ẹ lọ kẹ́yìn, ṣé wọ́n béèrè mi?"

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Zdravka máa ń lọ wo Velika tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú bánítsa gbígbóná, ìpápánu oníwàràkàṣì, tó fi aṣọ wé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn arúgbó náà mọ́, torí kò fẹ́ rí ohunkóhun tó jọ mọ́ Milko. Ilé kọfí ló ń wá ní ọjọ́ Ẹtì, láti ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí?" Milko yíjú padà.

Zdravka ń wo ìsàlẹ̀ ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, níbi tí orúkọ tirẹ̀ náà kò sí.