Tábìlì Tó Gbọ́dọ̀ Ṣeé Tú

Àrùn ẹ̀gbà ló sọ ọwọ́ ọ̀tún mi di ohun tí gbogbo ẹbí ń ṣèpàdé lé lórí. Télọ̀ ni mí. Ọwọ́ tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó wá di ọwọ́ tí kò lè mú ṣíbí. Ó ti ń sàn o, mo ń sọ fún wọn, àmọ́ ọmọ mi obìnrin ò gbọ́. Ó ní àfi kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, torí oorun ò kun òun mọ́, bí òun bá ti dijú, òun á máa rò ó pé mo ti ṣubú. Kí n fi ilé tí mo fi abẹ́rẹ́ kọ́ sílẹ̀, kí n lọ máa tọrọ àyè jókòó nílé ọkọ ọmọ. Ẹ gbọ́ mi ná.

Ọkọ rẹ̀ yìí, ọmọlúwàbí ni. Òun ló ra ọkọ̀ ojú irin kékeré kan fún mi, èyí tí iná ń mú sáré lórí irin rẹ̀, kí ìka mi lè rí nǹkan ṣe. Mo kọ́kọ́ bínú. Àgbà bíi tèmi. Kò pẹ́, mo ti to irin yípo ìyàrá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìyàrá mi ò tóbi; bí irin bá wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ò lè ṣí. Ni mo bá pe àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, pé kó kan tábìlì alápá méjì fún mi, èyí tí mo lè tò, tí mo sì lè tú. Ó fẹ́ lo pákó tó nípọn, bí ẹni pé erin ló fẹ́ sùn sórí ẹ̀. Mo ní rárá, kó la pákó fẹ́lẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kó gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́, kó fi ṣe férémù, torí pákó tó bá dúró báyẹn kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká mọ́ abẹ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, elétí méjì, tí ìka lásán lè yí, ló so apá méjèèjì pọ̀. Ó fúyẹ́ débi pé mo lè há apá kan mọ́ abíyá. Àbúrò mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ohun tó bá ti ṣeé tú, ó ti fẹ́ wó nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ni mò ń tò ó, tí mò ń tú u. Lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ọ̀tì á bọ́ lọ́wọ́ mi, màá bú u bí ẹni ń bú ọmọṣẹ́, màá tún ṣà á. Nígbà tó yá, kò bọ́ mọ́. Mo wá sọ fún ọmọ mi pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá fi ọwọ́ yìí tú tábìlì níwájú ẹ̀, tí mo sì tún un tò, kó fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi. Bí mi ò bá lè ṣe é, mo máa tẹ̀ lé e. Ó gbà.

Wọ́n dé lóòótọ́, òun, ọkọ rẹ̀, àti àbúrò mi. Mo ti to tábìlì sílẹ̀ láti àná. Ọkọ̀ ń sáré yípo, ó ń gba ibi tí apá méjèèjì ti pàdé kọjá láìfò. Wọ́n yìn mí, inú mi ń dùn bíi ti ìyàwó tuntun. Mo pa iná, mo gbé ọkọ̀ àti irin rẹ̀ kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ mú, mo yí i. Kò yí.

Mo bọ́ sórí èkejì. Kò yí.  Ojú tì mí, ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ọkọ ọmọ mi nawọ́ pé kí òun bá mi gbìyànjú, mo sì jágbe mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ọmọdé yìí bá yí i, tó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, níbo ni mo fẹ́ fojú sí? Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo dìde.

"Ọwọ́ mi ti kú," mo ní. "Ẹ kó ẹrù mi."

Ọmọ mi bú sẹ́kún, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ibi tó ti ń ká aṣọ mi sínú báàgì ni àbúrò mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, gọ́ọ̀mù ni. Èmi ni mo fi sí i."

Ó ní òun yà wá lánàá nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀, òun rí i pé mo ti to tábìlì. Òun rò ó pé ọwọ́ mi ò lè dè é le, àti pé bó bá lọ tú lójú àwọn ọmọ, ẹ̀tẹ́ ni. Ló bá ro gọ́ọ̀mù sí ìdí nọ́ọ̀tì. Kò mọ̀ pé títú gan-an ni àdéhùn wa, ó rò pé wọ́n kàn ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ ni; nígbà tí nọ́ọ̀tì ò wá yí, ẹ̀rù bà á láti jẹ́wọ́. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ó mú ẹ̀mú, ó já gọ́ọ̀mù náà lára wọn, ó ní kí n wá yí i. Mo yí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tú tábìlì, mo tún un tò, ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ mi padà nínú báàgì, kò lè wojú mi. Ó ní kí n dúró sílé mi, òun ò ní sọ ọ́ mọ́.

Àbúrò mi tún dọ̀bálẹ̀. Èébú ti kún ẹnu mi, ẹnu mi ò sì wá èébú tì rí. Àmọ́ mo wo ọwọ́ mi. Àbúrò mi ò tíì rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń lò ó lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀tì méjì péré ò yí, mo ti pe ọwọ́ náà lókùú níwájú àna. Mi ò tiẹ̀ wo ìdí wọn, níbi tí gọ́ọ̀mù funfun ti gan pa mọ́ wọn.

"Dìde," mo ní. "Ìwọ ò gba ọwọ́ yìí gbọ́. Èmi tí mo ni ín náà ò gbà á gbọ́."