Òrùlé Tí Kò Gbọdọ̀ Di Tuntun

Ojú èmi nìkan ló ṣe. Gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ní Roseau, olú ìlú erékùṣù wa, lónìí, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Orí igi bẹrẹfúútù ẹ̀gbẹ́ ilé Ma Eudoxie ni mo wà, igi tó ga débi pé téèyàn bá dé ṣóńṣó rẹ̀, á máa rí ohun tí wọ́n ń sè ní Martinique ní òdìkejì òkun. Ohun tí mò ń ṣe lórí igi onígi, ìyẹn ò kàn yín.

Garnet, awakọ̀ àwọn àlejò, tẹ fèrè mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì ní kọ́nà, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo awakọ̀ tó ń gbé àlejò káàkiri erékùṣù wa ló mọ ohun tí fèrè yẹn ń sọ, Ma Eudoxie náà sì mọ̀ ọ́n. Ó ní kó bọ́ bàtà ni. Àlejò kì í fẹ́ rí bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ ará àtijọ́. Mama yìí bọ́ bàtà, ó tì í sábẹ́ àpótí, ó wé gèlè, ó gbé abọ́ kòkó lílọ̀ lé itan, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá ayé.

Èèyàn mẹ́jọ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló ti inú ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ láàárọ̀ wá. Ohùn Garnet a máa dùn nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ní mama náà ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni. Èmi náà máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àpò iyọ̀ ni Garnet máa ń dà sí tiẹ̀. Ó ní mama ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó ní lẹ́yìn ìjì ńlá ọjọ́sí, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kó páànù wá fún un, ó sì lé wọn padà, ó ní abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí ìyá òun kú sí lòun náà máa kú sí. Àwọn àlejò mi orí, wọ́n káàánú, wọ́n ń ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an. Ma Eudoxie ò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ ló ṣèpàdé létíkun. Fontaine, alága wọn, ní ta ló máa la òkun kọjá wá wo páànù, ṣé kò sí páànù nílùú wọn ni? Ó ní tí mama bá fi lè pààrọ̀ òrùlé, mọ́tò ò ní dúró níbẹ̀ mọ́, àwọn àlejò á sì máa wá awakọ̀ tó mọ ibi tó dáa jù. Garnet ni wọ́n rán lọ pàdé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà, torí òun ló sún mọ́ mama. Ó sọ fún wọn pé mama ní òun ò fẹ́. Páànù náà ò kúkú ṣòfò, ó wà lórí ibi tí Fontaine ń gbé mọ́tò sí títí dòní.

Tapólì ni wọ́n fi bo orí ilé mama. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́, ni Garnet fúnra rẹ̀ bá gun òkè lọ, ó tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Ẹ̀gún imọ̀ dá tapólì lu. Láti orí igi tí mo wà, mò ń rí inú yàrá mama bí ẹni tó ń wo inú ìkòkò.

Ẹ sì máa rántí pé Ma Eudoxie ló gbé Garnet níjọ́ tí wọ́n ṣèsàmì fún un. Nennen ló ń pè é, bí àwa níbí ṣe ń pe ìyá ìsàmì. Théodule, ọkọ mama, ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, òun ló ta màlúù rẹ̀ kí Garnet lè ra bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Théodule, ẹkún tí Garnet sun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé afárá lọ.

Nínú àwọn àlejò ọjọ́ náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Yvette, ará Kánádà, tí kò ya fọ́tò kankan. Ó kàn wọlé lọ ni, kò bi ẹnikẹ́ni. Mo rí i tó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì mama, tó yára gbé ọwọ́ kúrò. Mo rí i tó ń wo àwọn abọ́ tó yí bẹ́ẹ̀dì ká, tí omi òjò àná ṣì wà nínú wọn. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú mama, ó sì la ẹnu, Kwéyòl, èdè erékùṣù wa, ló jáde níbẹ̀, Kwéyòl wa gan-an, irú èyí tí àwọn àgbà ń sọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ti erékùṣù wa lọ sí Kánádà.

Garnet yára sún mọ́ wọn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ni ẹnu mama. Ohun tó bá wù ú ló máa ń sọ pé mama sọ.

Yvette ní, “Mama, ẹ má bínú o. Bẹ́ẹ̀dì yín tutù rinrin.”

“Òjò ni, doudou mi ọ̀wọ́n. Ibo ni kó lọ?”

“Àbúrò mi káfíńtà ni. Ó ń bọ̀ níbí lóṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní kó wá, yóò wá fi páànù bò ó fún yín, ẹ ò ní ná nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ṣé lóòótọ́ lẹ ní ẹ ò fẹ́ páànù?”

Mama gbójú sókè wo Garnet. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n nílò lẹ́nu Garnet. Kó ṣáà ní, èmi ni mo ní kò fẹ́. Ó ti la ẹnu. Ó wá rántí Fontaine, ó rántí bọ́ọ̀sì tuntun tí kò tíì san owó rẹ̀ tán, ó rántí àwọn àlejò méje yòókù tó ń wo òun lẹ́nu, ó sì pa ẹnu náà dé.

Yvette ní, “Mama, ẹ má wò ó. Èmi ni kẹ́ ẹ dá lóhùn.”

“Òótọ́ ni,” Ma Eudoxie sọ. “Èmi ni mo ní n ò fẹ́. Páànù máa ń pariwo jù tójò bá ń rọ̀. Kì í jẹ́ kéèyàn sùn.”

“Àwọn abọ́ tó wà nínú ilé ńkọ́?”

“Omi ìfọrun ni mò ń gbà. Omi òjò dára fún irun. Ìyá ìyá ẹ ò sọ fún ẹ ni?”

Yvette rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú sì tì í. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mama pé òun wọ yàrá rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ó yíjú sí Garnet, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ forí jì mí. Mo rò pé irọ́ lẹ̀ ń pa ni.”

Garnet ní kò sí wàhálà.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Garnet ti fẹ́ ṣíná nígbà tí Ma Eudoxie fẹsẹ̀ lásán rìn wá sí ojú fèrèsé rẹ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n etí tèmi yìí, tí èèrà bá ń jẹun, mò ń gbọ́ ọ.

“Garnet, ọmọ mi, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?”

Garnet tẹjú mọ́ ọ̀nà iwájú.

“Wọn ò ní gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, àbí?”

“Rárá, Nennen.”

“Ó dáa nígbà yẹn. Rọra wakọ̀ o, ojú ọ̀run ti ṣú.”

Bọ́ọ̀sì náà ò tíì rìn jìnnà tí òjò fi dé, ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó máńgòrò. Mama sáré wọlé lọ da omi abọ́ nù kó lè tún wọn tò. Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí Garnet rò pé ẹnikẹ́ni ò ti lè rí òun, ó dá bọ́ọ̀sì dúró. Ó ní òun fẹ́ wo táyà. Kò wo táyà kankan. Ó lóṣòó ti bọ́ọ̀sì nínú òjò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò kan gíláàsì, tó béèrè bóyá kò sí nǹkan, ó dìde, ó nu ojú, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀, tí wọ́n ń lọ wò, fún wọn.

Àbúrò Yvette ò wá. Kí ló fẹ́ wá ṣe? Àwọn awakọ̀ sì ti fi ọ̀rọ̀ mama kún ìtàn wọn báyìí. Tí wọ́n bá ti débẹ̀, wọ́n á ní ẹ gbọ́ ohun tí mama fẹnu ara rẹ̀ sọ, ó ní páànù máa ń pariwo, kì í jẹ́ kí òun sùn. Àwọn àlejò á bú sẹ́rìn-ín. Garnet nìkan ni kì í sọ apá yẹn. Tó bá ti kàn án, á ní ọ̀fun ń dun òun, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Garnet ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó ní òjò ló wà lójú òun lọ́jọ́ náà, ó ní ta ló máa fọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹnu irú èmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ dín gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi kù sí ìdajì, n ò ní bínú. Ẹ má ṣáà yọ nǹkan kan nínú eléyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́, torí mama náà ò ní jẹ́wọ́ fún yín láéláé.